Ọkọ̀ Kékeré Lọ́wọ́ Àgbà

Ìgbìmọ̀ tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àgbàlagbà lè máa fọwọ́ ṣe nígbà tó bá ti fẹ̀yìn tì. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo lè sọ níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ àbá lásán: títo ọkọ̀ kékeré, yálà ti òfuurufú, ti ojú omi tàbí ti ilẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ ní kékeré tí mo tún padà sí nígbà tí orí ti ń hewú. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé eré ọmọdé lẹ fẹ́ wá sọ fún àwa àgbà ni?" Òun náà ni mo wá sọ.

Ẹ̀rín yẹn yé mi. Láàárín wa, bí àgbàlagbà bá ta ayò láti ìyálẹ̀ta títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n á ní bàbá ń najú. Bí bàbá kan náà bá gbé ọkọ̀ oníke kalẹ̀ tó ń fi ẹ̀mú gbé táyà rẹ̀ sípò, wọ́n á bi í pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wo ló ń bá ṣe é. Mo ti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílé, lọ́fíìsì, nínú ọkọ̀ ojú irin pàápàá, n kò sì ní fi ọ̀sán yín ṣòfò lórí bóyá ó yẹ àgbà tàbí kò yẹ ẹ́. Ohun tí mo bá wá ni pé ẹni tó bá padà sídìí eré yìí kò ní bá ọmọdé tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tí ọmọdé náà kò ní sùúrù láti bi ló máa bá níbẹ̀, wọ́n á ti tò sílẹ̀ dè é.

Ẹ jẹ́ ká yára wo bí ọjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ní 1932, Skybirds bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ òfuurufú onígi kéékèèké tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin. Ìyẹn ni pé ohun tó bá gùn ní mítà 72 lára ọkọ̀ gidi, mítà kan ni yóò jẹ́ lórí tábìlì rẹ. Ìwọ̀n 1:72 yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú àtòpọ̀ ṣì ń lò títí dòní. Ní 1936, Frog gbé ti oníke jáde. Airfix tí gbogbo ayé wá mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì kan, Nicholas Kove, ló dá a sílẹ̀. Nǹkan ìṣeré onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú ló kọ́kọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn ogun ó bọ́ sórí òòyà. Ní 1949 ni àwọn tó ń ṣe katakata Ferguson ní kí ó bá àwọn ṣe katakata kékeré tí àwọn olùtajà wọn lè máa gbé han oníbàárà. Ní 1952 ni Golden Hind, ọkọ̀ ojú omi Francis Drake, dé orí àtẹ ṣọ́ọ̀bù Woolworths nínú ọ̀rá, ní ṣílè méjì péré. Spitfire, ọkọ̀ òfuurufú ogun, tẹ̀lé e láìpẹ́. Láti ìgbà náà lọ, ó ṣòro kí èèyàn rí ọmọkùnrin kan nílẹ̀ yìí tí gọ́ọ̀mù kò lẹ̀ mọ́ níka rí.

Àwòrán ara páálí ló ń tà á jù. Roy Cross tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fún Airfix ní 1964 mọ iṣẹ́ náà dójú àmì: iná ń jó, èéfín ń rú, ọkọ̀ ọ̀tá ń já bọ̀ lókèèrè. Ọmọ á ṣí páálí, yóò bá ike eléérú kan báyìí nínú rẹ̀, kò sì ní bínú. Ohun tó rí lára páálí ló máa rò pé òun ń tò.

Ike, inú epo rọ̀bì ló ti ń wá. Nígbà tí epo wọ́n gógó láti ìparí 1973, tí àwa nílé ní Nàìjíríà fi ń gba owó Udoji, àfikún owó oṣù ìgbà náà, tí àwọn òbí wa ń ra tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń da ike níbí ń tún owó wọn kà. Eré orí kọ̀ǹpútà wá dé láti gba ọwọ́ àwọn ọmọ. Airfix wọ gbèsè ní 1981, ó ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, ó dé ọ̀dọ̀ Humbrol, àwọn ọlọ́dà tó wà ní Hull, ní 1986. Nígbà tí Humbrol náà ṣubú ní 2006, Hornby tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré rà á.

Ta ló wá ń rà á báyìí? Ẹ lọ sí Telford nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí IPMS, ẹgbẹ́ àwọn tó ń to ọkọ̀ oníke tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, bá ń ṣe àfihàn ọdọọdún wọn. Orí ewú, orí pípá, jígí lójú, jígí mìíràn lórí jígí. Àwọn ọmọ tó ń ra ọkọ̀ inú ọ̀rá nígbà náà ló ti tọ́mọ tán, tí wọ́n ti san owó ilé tán, tí wọ́n padà wá. Obìnrin kò pọ̀ láàárín wọn. Àwa dúdú kò pọ̀ rárá, èyí sì máa ń yà mí lẹ́nu, torí pé àwa tí a dàgbà nílé ti ń to ọkọ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ Airfix.

Ní Ìbàdàn tí mo ti ṣe kékeré, agolo sàdíìnì ni bọ́dì ọkọ̀. A ó ṣí ìdérí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í já a kúrò. A ó ká a sókè, òun ló máa di ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí. Tó bá jẹ́ tánkà epo la fẹ́, agolo mílíìkì la máa dá dùbúlẹ̀ sórí pákó pẹlẹbẹ. Sílípáàsì tó ti já la máa gé róbótó fi ṣe táyà. Ẹni tí kò bá rí sílípáàsì á lo ìdérí ìgò mínírà, á kan méjì pọ̀ kí ó lè nípọn. Ìṣó la fi ń lu ihò. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pá tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ máa ń fi ọ̀pá gígùn gbé sítíárì sókè títí dé àyà, kí èèyàn lè máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ lórí ìdúró, láìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ́nu.

Kò sí ìwé ìtọ́sọ́nà kankan. Bọ̀lẹ̀kájà ń kọjá lójú wa lójoojúmọ́, àwọn Bedford tí wọ́n fi pákó kan ẹ̀yìn wọn. A mọ iye pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a mọ ibi tí kọ̀ńdọ́ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ó tó fò sókè, a mọ bí lẹ́tà tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọdọrọ. Ọmọ tó bá fi iná ẹ̀yìn síbi tí kò yẹ, orúkọ tí wọ́n á máa pè é títí ọ̀sẹ̀ á fi parí kò ní dùn ún gbọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tó máa ń lọ dúró ní gáréèjì nítorí kí wọ́n lè mọ bí táyà ìpààrọ̀ ṣe so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, àwọn awakọ̀ á sì máa lé wọn bí ẹni lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Bí ẹ bá bi mí, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ náà: kí èèyàn wo ohun gidi títí tí yóò fi rí i. Níbi ká wò ó yìí, ọkọ̀ agolo ju ti inú páálí lọ, nítorí ẹni tó ṣe ti inú páálí ti bá ọ wò ó tán kí o tó rà á.

Ọkọ̀ agolo kì í sì í pẹ́ láyé. Ó ń ru yẹ̀pẹ̀, ó ń kó sí kòtò, a ń fi í kọlu ti ẹlòmíràn láti mọ èyí tó lágbára. Bó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó bá fi máa di Ọjọ́rú a ti ń wa òmíràn.

Ọkọ̀ oníke àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn, àbúrò bàbá mi tó ń kàwé ní Leeds ló fi ránṣẹ́. Halifax ni, ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù oníẹ́ńjìnnì mẹ́rin tí RAF, ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì. N kò kùn ún ní ọ̀dà, torí ọ̀dà kan ṣoṣo tó wà nílé jẹ́ èyí tí wọ́n fi kun fèrèsé. Mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí wọ́n tó pè wá wá jẹun alẹ́, mo fi òwú so ó kọ́ àjà, ó sì ń yí lọ yí bọ̀ lábẹ́ fáànù títí eruku fi bò ó. Ta ló ń jókòó nínú rẹ̀? Níbo ni wọ́n ń gbé bọ́ǹbù náà lọ? Kò sí èyí tó kàn mí níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ni, ó ń fò, ó tán.

Ọwọ́ ni ìyàtọ̀ àgbà àti ọmọdé ti kọ́kọ́ ń hàn. Gọ́ọ̀mù tí a ń lò fún ike yìí kì í lẹ nǹkan bí ti bébà. Ṣe ló ń yọ́ etí ike méjèèjì títí wọ́n á fi wọnú ara wọn, tí wọ́n á sì gan di ẹyọ kan. Ọmọdé kò mọ̀. Yóò tẹ túùbù náà mọ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù á tú jáde, ojú fèrèsé ọkọ̀ á ràn, àmì àtàǹpàkò rẹ̀ á sì wà lára apá ọkọ̀ náà títí ayé. Àgbà á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan olómi rẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ike méjì ti pàdé, á sì dúró máa wò bí omi náà ṣe ń fúnra rẹ̀ sáré tọ ojú ìlà náà lọ títí dé ìdí. N kò mọ ohun púpọ̀ láyé yìí tó tuni lára tó ìyẹn. Lẹ́yìn náà, á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á fi sáńpépà ha á títí ojú ìlà náà á fi parẹ́, á sì fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún tó kùn ún. Àwọn àmì àti lẹ́tà ara ọkọ̀ wà lórí bébà. A ó rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó sì fi ìka rọra tì wọ́n kúrò lórí rẹ̀ sára ọkọ̀. Ọmọdé lójú, kò ní sùúrù. Nígbà tí sùúrù wá dé, ojú ti lọ. Ìdí tí ẹ fi ń rí wa pẹ̀lú jígí orí jígí nìyẹn.

Àìsàn kan tún ń bá àwa tí a padà jà: rírà. Owó tí ọmọdé kò ní ti wà lọ́wọ́ wàyí. Mo mọ àwọn tí páálí tí wọn kò ṣí rí nínú yàrá wọn ju èyí tí ẹ̀mí wọn lè tò tán lọ, wọ́n ṣì ń rà, wọ́n ń gbé e pamọ́ fún ìyàwó wọn sínú búùtù mọ́tò. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Àwọn míì ti fẹ̀yìn tì láti bí ọdún mélòó kan. Èmi kò ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tó ní agolo sàdíìnì ẹyọ kan tó sì fi ṣe ọkọ̀ ti jù wọ́n lọ.

Halifax tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún bá a pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù, páálí rẹ̀ ti fàya. Èmi tí mo gbé e délé yìí kò lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí wọ́n tó pe oúnjẹ alẹ́ mọ́. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń jókòó síbo. Mo wá rí i pé ọkùnrin méje ló ń fò nínú rẹ̀, àti pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wáyàlẹ́ẹ̀sì ń jókòó sí ìsàlẹ̀ nínú imú ọkọ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á. Ibi tí mo ti ń wá àwòrán ìjókòó yẹn kiri ni mo ti kan Akin Shenbanjo.

Ọmọ Nàìjíríà ni, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ilé tó ti wá fún yín. Òṣìṣẹ́ wáyàlẹ́ẹ̀sì àti ayìnbọn ni ní 76 Squadron, ẹgbẹ́ RAF tó ń gbé Halifax gbéra láti Yorkshire lóru lọ sí Jámánì. Wọ́n fún un ní DFC, àmì-ẹ̀yẹ àwọn tó fi ìgboyà hàn lójú òfuurufú. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò kọ orúkọ sí imú ọkọ̀ wọn nítorí rẹ̀: Achtung! The Black Prince. Èdè àwọn Jámánì fúnra wọn ni wọ́n fi kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra, Ọmọọba Dúdú ń bọ̀.

Ẹ rántí pé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá jẹ́ òyìnbó pọ́ńbélé kò lè di ọ́físà nínú RAF. Oṣù kẹwàá 1939 ni wọ́n gbé òfin yẹn tì, nítorí ogun ti dé, èèyàn kò sì ní í tó. Peter Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe ọ́físà níbẹ̀, ní 1942. Jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa á ní 1945, ogun ku oṣù díẹ̀ kí ó parí. Nínú bí 125,000 èèyàn tó fò fún Bomber Command, ẹ̀ka RAF tó ń ju bọ́ǹbù, 55,573 ló kú. Mo ti fi òwú so ọkọ̀ yìí kọ́ àjà nílé bàbá mi, ọmọ Yorùbá kan sì ti jókòó nínú rẹ̀ lóru kí wọ́n tó bí mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà kò sì béèrè.

Nítorí náà ni mo ṣe to èyí bó ṣe yẹ. Ìjókòó wáyàlẹ́ẹ̀sì kò sí nínú páálí àtijọ́ yẹn. Mo gé e láti ara ike pẹlẹbẹ, mo gé tábìlì tí yóò wà níwájú rẹ̀, mo sì to ẹ̀rọ méjì sórí rẹ̀: T1154 tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́, R1155 tó ń gbà á. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí lójú T1154 ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, búlúù, pupa àti ìyeyè, kí ẹni tó wà nínú òkùnkùn tí òtútù ń gbá má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Lójú ìwọ̀n 1:72, bọ́tìnnì yẹn kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan ọ̀dà, mo dá èémí dúró, mo tọ́ ọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo wá pa ìhà méjì ọkọ̀ náà dé. Ohun gbogbo tí mo ṣe sínú rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Àfi kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú fèrèsé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, bóyá ẹ ó rí ìyeyè náà fìrí. Àbúrò mi obìnrin bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kun ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Mo ní Shenbanjo kò lè jókòó sórí afẹ́fẹ́. Ó wò mí, ó lọ dáná.

Òkè ọkọ̀ náà jẹ́ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú kirimú-kirimú nítorí iná ìwákiri àwọn Jámánì. Lẹ́tà MP tó jẹ́ àmì 76 Squadron, mo rà á. Orúkọ imú ọkọ̀, ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́.

Bí ẹnìkan bá ṣì ń sọ pé eré ọmọdé ni, tàbí pé eré òyìnbó ni, kí ó lọ wo iṣẹ́ Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú tó gbẹ́ igi l'Ékòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ona gbẹ́ D.O., ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, lábẹ́ agbòòrùn, ó gbẹ́ adájọ́, ó gbẹ́ lọ́yà, ó gbẹ́ òyìnbó lórí ẹṣin, gbogbo wọn ní ìwọ̀n tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ kan. Nígbà tí William Bascom, onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó ní bí òun ṣe rí ayé náà ni òun ṣe ń gbẹ́ ẹ. Justus Akeredolu ní Ọ̀wọ̀ kò tilẹ̀ lo igi. Ẹ̀gún ara igi ló fi ń gbẹ́ obìnrin tó ń gúnyán àti ọkùnrin tó ń tukọ̀. Àgbà ni àwọn méjèèjì.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí gan-an, Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí níbí ní 1962 tó sì dàgbà l'Ékòó, gba iṣẹ́ láti gbé nǹkan sórí òpó kẹrin tó ṣófo ní Trafalgar Square. Ní 2010 ó gbé HMS Victory síbẹ̀ nínú ìgò ràgàjì kan, ọkọ̀ tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú sí ní 1805. Ó ṣe é sí ìwọ̀n 1:30, gbogbo okùn rẹ̀ pé, ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ 37, ànkárá ló sì fi ṣe wọ́n. Airfix náà ń ta Victory. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí ti tò ó. Àmọ́ ẹni tó fi ìgbòkun ànkárá sí i ti bi ọkọ̀ náà léèrè ohun tó kó lọ àti ohun tó kó bọ̀. Ó wà ní Greenwich báyìí, níta National Maritime Museum. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó rí i.

Ó ku ìtàn kan. Wọ́n kọ́ Halifax tó lé ní ẹgbàáta, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun wọ́n fọ́ wọn wẹ́wẹ́ títí kò fi sí èyí tó pé mọ́. Àwọn kan ní Elvington, lẹ́bàá ìlú York, wá pinnu pé àwọn yóò tún ọ̀kan tò. Apá kan lára ara ọkọ̀ náà, erékùṣù Lewis ní Scotland ni wọ́n ti rí i: àgbẹ̀ kan ti fi ṣe ilé adìẹ. Wọ́n gba apá rẹ̀ lára irú ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Hastings, èyí tí wọn kò rí ni wọ́n rọ fúnra wọn, wọ́n sì yí i síta ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹsàn-án 1996. Mo ti dúró lábẹ́ rẹ̀. Gíga rẹ̀ ba ni lẹ́rù, ihò tí èèyàn fi ń wọ inú rẹ̀ sì kéré ju ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin lọ. Mo wo ibi tí oníwáyàlẹ́ẹ̀sì ń jókòó sí, mo sì rí i pé tábìlì tí mo gé fẹ̀ jù díẹ̀.

Àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ má ra ọkọ̀ ńlá. Ẹ ra èyí tí ẹ lè tò tán, ẹ ṣí fèrèsé nítorí òórùn gọ́ọ̀mù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré wà nítòsí abẹ. Ẹ wá ẹnìkan tó wọ ọkọ̀ náà rí, tàbí ẹni tó wà á, tàbí ẹni tó sá fún un, kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ ohunkóhun. Bọ̀lẹ̀kájà gan-an ṣì ń dúró de ẹni tó máa tò ó dáadáa. N kò tíì rí ẹni tó fi í sínú páálí tà, àwọn tó sì wọ̀ ọ́ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí.

Lórí ìyẹn, mo ti kó agolo sàdíìnì, sípóòkù, ìṣó àti sílípáàsì àlòkù sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ìbéèrè bá ti tán, a ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá wa sọ ibi tí kọ̀ńdọ́ ń dúró sí fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba òòlù lọ́wọ́ wọn.